Ìdí Tí Koríko Gbígbẹ Fi Ń Sùn sí Ẹsẹ̀ Ata

Nígbà láéláé, bí àgbẹ̀ bá ro oko tán, ṣe ló máa ń kó gbogbo koríko jọ, á sì dáná sun ún. Ẹsẹ̀ Ata á wá mọ́ tónítóní. Inú Ata sì máa ń dùn, torí òun àti Koríko kì í rẹ́. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ń du.

Àmọ́ o, Àrùn ń gbé inú ilẹ̀ níbẹ̀. Kò lẹ́sẹ̀, kò ní ìyẹ́. Bí òjò bá ti rọ̀, tí ẹ̀kán omi já lu ilẹ̀ lásán, tó ta sókè, olóríburúkú á gun ẹ̀yìn omi, ó di ara Ata! Ibi tó bá bà sí á dúdú, ọmọ Ata á sì rà.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Ata ṣe rà tán, tó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Àyọ̀ká tó ni oko dúró, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Bí èyí náà bá rà, fífà ni n ó fa gbogbo yín tu. Ẹ̀gẹ́ ni n ó gbìn síbí."

Àyà Ata já. Ó gbójú sókè, ó figbe ta: "Òjò! Ìwọ lò ń pa mí lọ́mọ! Má wá síbí mọ́!"

"Èmi tí mo ń fún ọ lómi mu?" ni Òjò wí. "Ó dáa náà." Ó sì bínú lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Ata ti rọ. Àrùn ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀: "Ẹ kú ìrọ́jú o, Ìyá Arẹwà! Bí Òjò bá dé, mò ń bọ̀. Bí kò bá dé, òùngbẹ á bá mi ṣe é."

Ata bú sẹ́kún. Koríko, tí Àyọ̀ká ti ro kalẹ̀, tó ti gbẹ, tó ń dúró de iná, ló gbọ́ ọ.

"Ata, nígbà tí mo bo ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ, ǹjẹ́ omi ta erùpẹ̀ sí ọ lára rí?"

Ata ronú. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ojú tì í gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n Koríko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró tì mí."

"Mo ti gbẹ, mi ò lè bá ọ du oúnjẹ mọ́. Ṣáà ti gbà mí lọ́wọ́ iná."

Àyọ̀ká ti ń mú iná bọ̀. Ata ké sí i: "Ìyá, ẹ má sun ún! Ẹ tẹ́ ẹ sí mi lẹ́sẹ̀!"

"Háà! Ṣé orí rẹ pé báyìí? Ṣebí ọ̀tá rẹ nìyí?"

"Ọ̀tá àná ni, mà."

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín, ó pa iná, ó sì tẹ́ koríko nípọn. Ata wá bẹ Òjò: "Ẹ dákun, ẹnu mi ló ṣẹ̀ yín." Òjò ò tilẹ̀ jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ tán tó fi dé, ṣàà!

Àrùn ti múra. Àmọ́ orí koríko ni omi ń bà sí, tó ń rọra wọlẹ̀. Kò sí èyí tó ta sókè. "Ẹ gbé mi! Ẹ gbé mi o!" ni Àrùn ń ké. Ta ló dá a lóhùn? Ata mu omi yó, ó na ara, ó ń jó nínú òjò. Nígbà tó yá, ọmọ kan ṣoṣo yẹn pọ́n yòò, kò lábàwọ́n kankan. Kóró inú rẹ̀ ni Àyọ̀ká fi gbin oko tuntun, tó so wọ̀ǹtìwọnti.

Láti ọjọ́ náà ni koríko gbígbẹ ti ń sùn sí ẹsẹ̀ ata, tí àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í sun ún mọ́. Àrùn ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ o, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí omi gbé òun. Ata ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.