Èbù Ọba àti Oko Àparò

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Àlọ́ mi gba ojú ọ̀nà oko lọ, ó bá Àparò níbi tó ti káwọ́ lérí. Ọ̀dá ti jẹ gbogbo iṣu rẹ̀. Bí kò bá rí èbù gbìn, ebi ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ.

Kìnnìún Ọba rán Ìgalà akọ̀wé pé kó pín èbù fún gbogbo àgbẹ̀ tó bá ní oko. Ni Ọ̀yà, tí kò kọ ebè rí, bá ní òun ló loko Àparò!

Ìgalà bi í pé, "Ibo ni ààlà rẹ̀?"

Ọ̀yà fi hàn án.

"Ebè mélòó ni?"

Ó dáhùn wéré. Ṣé ojoojúmọ́ ló ń jalè níbẹ̀!

"Ta ló bá ọ kọ ọ́?"

"Gbogbo abúlé ló bá mi ṣàáró!"

"Ó dáa, dárin, ká gbọ́ ẹni tí yóò gbè é."

Ọ̀yà kọrin, kò sẹ́ni tó dáhùn nínú àwọn ará abúlé tó péjọ. Àparò wá dá tirẹ̀, gbogbo wọn sì gbè é. Ẹ bá wọn gbè é, ẹ̀yin ọmọ!

Ta ló bá mi kọbè?
*Àwa ni, Àparò, àwa ni!*
Ta ló jẹyán àáró?
*Àwa ni, Àparò, àwa ni!*

Ìgalà rẹ́rìn-ín, ó gbé èbù fún Àparò. Àparò jó yíká oko. Bí Ọ̀yà ṣe ń yọ́ lọ, Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó gberin, dì í mú.

"Ọ̀rẹ́, ṣé o ní a bá ọ ṣàáró? Ó yá, ó kàn ọ́. Gba ọkọ́!"

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi jókòó sí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ wo àtẹ́lẹwọ́ Ọ̀yà.