Ìgbín àti Ibi Tí Odò Ò Jìn

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri bí òkúta, ó já sódò, ó dá lórí Ìgbín tó jẹ́ olùkọ́ àti Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ìgbín ló ń kọ́ àwọn ọmọ ẹranko lẹ́kọ̀ọ́ láyé ìgbà náà. Kò ní ilé ìwé. Ilẹ̀ ló fi ń kọ́ wọn. Á máa fàyà wọ́ lọ, àwọn ọmọ á máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ ìrìn Ìgbín. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan lè gba ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, ó kó wọn dé etí odò, níwájú ilé Ẹtu. Ó ní, "Ẹ wò ó, ibí ni omi ò ti jìn. Ibí ni gbogbo ayé ń gbà sọdá. Ibi tí èrò bá ti ń sọdá, wọ́n á sinmi níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń sinmi, ọjà á dé. Ibi tí ọjà bá sì wà, ọba ò ní jìnnà síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdílé Ẹtu fi ń jọba."

Ìjàpá lúgọ sínú igbó, ó gbọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Àṣé omi ló ń fini jọba!" Ló bá dìde. Kò dúró gbọ́ ìparí.

Ọlátóyè, mo rí ọ o, ìwọ náà fẹ́ dìde. Jókòó, àlọ́ ò tíì parí.

Ìjàpá bẹ ọ̀wẹ̀. Ó pe Ẹfọ̀n, ó pe Ìmàdò, ó rokà fún wọn, wọ́n yó. Wọ́n bá ń yí òkúta sódò níwájú ilé rẹ̀, kí omi ibẹ̀ má baà jìn mọ́, kí èrò lè máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọdá.

Ìgbín gbọ́, ó ní, "Ẹnu mi lọ̀rọ̀ yìí ti jáde." Ó gbéra, ó ń wọ́ lọ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìjàpá, kó òkúta rẹ kúrò o,
*Omi ń bọ̀!*
Ilẹ̀ ọ̀dọ̀ rẹ rẹlẹ̀ jù o,
*Omi ń bọ̀!*
Mi ò tíì kọ́ ọ tán o,
*Omi ń bọ̀!*

Ìjàpá rẹ́rìn-ín. "Ìyá olùkọ́, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa!"

"Mo kọ́ ọ dé ìdajì, o dìde. Àpáta ló wà lábẹ́ omi níwájú ilé Ẹtu, òkè sì wà lọ́tùn-ún lósì, omi ò ríbòmíràn gbà. Ọ̀dọ̀ tìrẹ ńkọ́? Àbàtà ni!"

"Ẹ máa rọra lọ sílé, Ìyá. Tí mo bá jọba, mà á fi yín joyè."

Lọ́jọ́ kejì, òjò dé. Omi dé ìdí òkúta, ó yà. Ilé Ìjàpá ló gbà kọjá, ó gbé e tòrùlé tòrùlé. Kò dúró síbẹ̀, ó la ìlú sí méjì, ojú omi tuntun náà sì jìn, kò ṣeé sọdá. Àwọn tó ti ń jẹun nínú abọ́ kan wá di ará ìhín odò àti ará ọ̀hún odò. Nígbà tó yá, ará ìhín fi ọba tiwọn jẹ, ará ọ̀hún náà fi tiwọn jẹ. Títí dòní, wọn ò jọ ṣọdún mọ́. Ìjàpá ò sì jọba níbì kankan.

Ìgbín sunkún. Ó dùn ún pé òótọ́ tí òun kọ́ni ló pín ìlú, torí pé ẹnì kan gbọ́ ìdajì. Ó wá pinnu pé ibikíbi tóun bá ti rìn, òun á máa kọ ẹ̀kọ́ òun sílẹ̀. Ìdí nìyí tí Ìgbín fi ń fa ìlà sílẹ̀ bó bá ti ń lọ. Bẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀ ọ̀la, ẹ wo ara ògiri. Ìlà tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, ìyókù ẹ̀kọ́ ọjọ́sí ni.

Àlọ́ mi dé etí odò, ó dúró. Bí mo bá purọ́, kí omi àmù mi gbẹ.

Ó yá, Ọlátóyè. O lè dìde báyìí.