Òkúta Abẹ́ Táyà Àgbọ̀nrín

Ó kù díẹ̀ kí n pé ọgọ́ta ọdún nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ àlọ́ yìí. Ọdún tí wọ́n da ọ̀dà sójú títì òkè wa ni. Láníhùn tí ń so wáyà mọ́tò ń rọ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun fi ẹ̀rọ kan sínú mọ́tò mi, èyí tí ń jí ẹ́ńjìnnì láti òkèèrè. Bàbá rẹ̀ tó jókòó sí ìdí ògiri ló pa àlọ́ náà fún mi. Nígbà tó parí, mo ní kí Láníhùn kó wáyà rẹ̀ nílẹ̀. Títí dòní, kọ́kọ́rọ́ ni mo fi ń jí mọ́tò mi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́bí. Àlọ́ rèé o!

À ń retí rẹ̀!

Ó gbéra ńlẹ̀, ó kọsẹ̀ lára òkúta, ó balẹ̀ sórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Ẹ má gbàgbé òkúta yẹn o.

Ní ìlú àwọn ẹranko, orí òkè ni gbogbo ilé wà. Àwọn tó ní mọ́tò níbẹ̀ kì í gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì ọwọ́. Bí wọ́n bá gbé mọ́tò kalẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú jíà, wọ́n á tún gbé òkúta sí abẹ́ táyà. Àgbọ̀nrín ní mọ́tò. Ìjàpá kò ní, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn ún.

Àṣàkẹ́, ìyàwó Àgbọ̀nrín, lóyún, oṣù rẹ̀ ti pé. Ìsàlẹ̀ òkè lọ́hùn-ún ni agbẹ̀bí ń gbé. Mọ́tò yìí nìkan ni ọkọ rẹ̀ gbójú lé.

Ìjàpá, tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà mọ́tò, gbé páálí kan dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé. Bí ìyàwó bá ń rọbí, ṣé ìgbà náà lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri? Ẹ wo rìmóòtù yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láti inú yàrá, mọ́tò á ti jí kí ẹ tó wọ bàtà."

"Ìjàpá, ìgbà wo ni oore di iṣẹ́ rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń fura sí mi?"

"Mo ń fura sí ọ. Ṣe é lójú mi."

Ìjàpá wọ abẹ́ sítíárìn. Wáyà kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà jí ẹ́ńjìnnì bí mọ́tò bá wà nínú jíà. Síso rẹ̀ le. Ìjàpá wojú Àgbọ̀nrín, ó rí i pé kò mọ̀ ọ́n, ó bá ká wáyà náà pọ̀ láìso ó, ó tì í sẹ́yìn.

"Ẹ má fi í sínú jíà mọ́ láti òní lọ o," ó ní. "Ẹ sọ òkúta yẹn nù. Mo ti tún bíréèkì ọwọ́ yín ṣe."

Rìmóòtù méjì ló wà nínú páálí. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ Àgbọ̀nrín, ìkejì wọ àpò Ìjàpá lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, mọ́tò ṣàdédé bú ramúramù. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Rìmóòtù Àgbọ̀nrín wà lára ìṣó tó fi kọ́ ọ sí. Ní ọjọ́ kẹrin, bákan náà.

"Bàálé mi," ni Àṣàkẹ́ wí, "mi ò ní wọ mọ́tò tí ẹni tí a kò rí ń wà. Mo kúkú lè bí i sílé."

Ìjàpá yọ lójú ọ̀nà bí ẹni tí ń kọjá lọ. "Háà! Ẹ̀gbọ́n, iwin ti wọ mọ́tò yìí. Ẹ má fi aboyún sínú rẹ̀ o! Ẹ jẹ́ kí n bá yín wọ́ ọ lọ sínú igbó."

"Igbó wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn ilé mi."

Àgbọ̀nrín wọlé. Ó mú páálí rìmóòtù tí Àṣàkẹ́ ti kó àlùbọ́sà sí, ó yí i sójú ìmọ́lẹ̀.

"Àṣàkẹ́, rìmóòtù mélòó ni wọ́n yà sí ara èyí?"

"Méjì."

"Mélòó ló wà lára ìṣó?"

"Ọ̀kan."

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Gbogbo ohun tí Ìjàpá ní kí n má ṣe, òun gan-an ni n ó ṣe."

Ó kọjú mọ́tò sí ìsàlẹ̀ òkè, ó fi í sínú jíà, ó gbé òkúta rẹ̀ padà sí iwájú táyà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìjàpá yọ́ dé. Ó ti pinnu pé òun á wa mọ́tò náà lọ, kí wọ́n máa pè é ní iṣẹ́ iwin. Ó rí òkúta. "Arúgbó olóríkunkun!" Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú táyà, ó fi èjìká ti òkúta náà, òkúta yí gbìrìgbìrì wọ inú ọ̀gbun tó wà níwájú ilé. Ojú ń kán an. Kò tilẹ̀ dìde kí ó tó tẹ rìmóòtù.

Bí mọ́tò ṣe wà nínú jíà, ó fò síwájú. Ó gun Ìjàpá, ó fọ́ rìmóòtù ọwọ́ rẹ̀, ó wú ikọ́, ó kú sórí rẹ̀.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n! Ẹ gbà mí o!"

Àgbọ̀nrín jáde, ó ń run orín. "Ta nìyẹn? Ṣé iwin ni?"

"Èmi ni! Ìjàpá ni!"

Ni Àṣàkẹ́ bá ké nínú ilé: "Bàálé mi, ọmọ ń bọ̀ o!"

"Ìjàpá, fara dà á. Bí o bá kúrò níbẹ̀ kí n tó tẹ bíréèkì, mọ́tò mi á wọ ọ̀gbun. O sọ òkúta mi nù, ìwọ náà ló wá di òkúta."

Ó lọ mú ìyàwó rẹ̀ jáde. Wọ́n kó aṣọ ọmọ. Wọ́n jókòó tán, Àṣàkẹ́ ní òun gbàgbé ọṣẹ. Ìjàpá ń kérora lábẹ́ táyà, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, agbẹ̀bí ní ọṣẹ!" Àgbọ̀nrín padà lọ mú ọṣẹ. Ó tẹ bíréèkì, ó fi kọ́kọ́rọ́ jí mọ́tò, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, Ìjàpá wọ́ jáde. Àgbọ̀nrín ju rìmóòtù tirẹ̀ gba fèrèsé, wọ́n forí lé ìsàlẹ̀ òkè lọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Kí oòrùn tó mú, Àṣàkẹ́ ti bímọ.

Tẹ́lẹ̀, ikùn Ìjàpá rí rogodo bí akèrègbè. Láti ọjọ́ yẹn ni abẹ́ rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ fi ẹ̀yìn ìjàpá kan lélẹ̀ kí ẹ wò ó.

Àlọ́ mi dé ilé rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, ẹ pè mí kí n má lè jẹ́. Ẹ pè mí!

Bàbá o!

Òo! Ẹ ò gbọ́ bí mo ṣe jẹ́ ẹ?

Ohun tó ṣòfò: òkúta kan, rìmóòtù méjì, ikùn kan. Ìyá àti ọmọ kò sí lára rẹ̀.