Akólòlò Níwájú Ìwé Ilẹ̀

"Bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba." Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ṣùgbọ́n ta ni akólòlò náà, baba ta ló sì pè? Ọ̀pọ̀ tó ń pa á lójoojúmọ́ kò bèèrè rí. Ẹ yá mi létí yín díẹ̀, kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Obìnrin ni. Àyọ̀ká lorúkọ rẹ̀, ẹní ló ń hun tà. Ó ti ń kólòlò láti kékeré, ọ̀rọ̀ tó sì nira jù lẹ́nu rẹ̀ ni "bàbá". Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí Adégún, bàbá rẹ̀, kú láìgbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí ohun tó dun Àyọ̀ká tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ilé kan pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀ létí odò, tí pẹrẹ́gún pààlà yí ká, ni Adégún fi sílẹ̀ fún òun àti ìyá rẹ̀.

Nígbà tí Àyọ̀ká ti dàgbà, Látúndé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Adégún, dé. Ó ní bàbá àgbà àwọn ló ni ilẹ̀ náà, pé ti gbogbo ẹbí ni, òun sì fẹ́ tà á. Ìyá Àyọ̀ká búra pé ọkọ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rà á. Ìwé rẹ̀ wá dà? Ikán ti jẹ ẹ́.

Àmọ́ ọ́fíìsì ilẹ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀dà ìwé gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bá tà, ẹnikẹ́ni ló sì lè bèèrè kó wò ó. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́: kí ẹni tó wá bèèrè fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹni tó ra ilẹ̀, torí orúkọ ni akọ̀wé fi ń wá ìwé. Ó rọrùn fún gbogbo ayé, àfi ẹnì kan.

Ẹsẹ̀ kò gbé ìyá rẹ̀ mọ́, nítorí náà Àyọ̀ká nìkan ló lọ. Látúndé tẹ̀ lé e, ó ní wọn kò gbọdọ̀ ṣe é lẹ́yìn òun. Akọ̀wé, bàbá arúgbó kan, bèèrè pé, "Ọmọ mi, ta ló ra ilẹ̀ yín?"

"Bà... bà... bà..."

"Bàbá àgbà wa ló ń wí," Látúndé já a gbà lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ bá wa ṣí ìwé Ọláníyọnu."

Akọ̀wé ti nawọ́ sí ìwé náà. Bó bá ṣí i, ilẹ̀ oko bàbá àgbà ni yóò rí níbẹ̀, Látúndé yóò sì sọ pé ilẹ̀ etí odò gan-an nìyẹn. Àyọ̀ká fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì. Akọ̀wé wò ó, ó padà jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, má kánjú, mi ò níbi tí mò ń lọ. Ìwọ ọ̀gbẹ́ni, panu mọ́. Ẹnu tirẹ̀ ni mò ń retí."

Wọ́n dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé, akọ̀wé kò wo apá ibẹ̀. Òógùn bo Àyọ̀ká, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bà... bà... bàbá mi. A... Adégún."

Akọ̀wé ṣí ìwé Adégún. Ilẹ̀ etí odò wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó tà á, pẹrẹ́gún tó pààlà rẹ̀, àti àmì àtàǹpàkò Adégún nísàlẹ̀. Látúndé yí padà, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Nígbà tí Àyọ̀ká délé, ìyá rẹ̀ bi í pé ta ni wọ́n bá nínú ìwé.

"Bà... bàbá mi ni," ó dáhùn.

Ìyá arúgbó bú sẹ́kún. "Adégún! Ṣé o gbọ́? Ó ti pè ọ́ o!"

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tí ohun tó ń wá kò tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kó má bàa sọ̀rètí nù. Wọ́n sì ń pa á fún ẹni tó dúró tì í pẹ̀lú, kó ní sùúrù, kó má já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba.