Ẹrẹ̀ Ara Sùtánà

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ti Jeremáyà, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ìjọ aláṣọ funfun kan, ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ mọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, òjò wó ògiri ilé ìdáná lu ìyá arúgbó kan, amọ̀ sì há a lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń ké tó, ńṣe ni àwọn ará ìjọ ń ká etí sùtánà wọn sókè kọjá, wọ́n ní Olúwa á ràn án lọ́wọ́. Irú ìsìn wo nìyẹn? Nínú gbogbo wọn, Morádékẹ́ nìkan ló kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tó fọwọ́ wa amọ̀ títí ó fi yọ ìyá náà, tó sì fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Jeremáyà nawọ́ dí i lọ́nà.

"Arábìnrin, ṣé aṣọ ẹlẹ́rẹ̀ yìí lẹ fẹ́ wọ̀ síwájú Ọlọ́run? Ẹ padà sílé."

Morádékẹ́ bọ́ sùtánà náà, ó ku òun pẹ̀lú bùbá àti ìró, ó sì gbé e lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

"Ẹrẹ̀ ilé ìdáná ìyá tó bí yín ni. Wọ́n ní ẹ̀yin làwọn kọ́kọ́ pè, ẹ ní ẹ ò gbọdọ̀ pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà Olúwa. Ẹ bá mi fọ̀ ọ́. Mò ń padà sọ́dọ̀ wọn, Ọlọ́run tí mo wá sìn ṣì wà níbẹ̀."