Ọmọ Ayò Tó Há Ọ̀kẹ́rẹ́ Lẹ́nu

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mi ò gbọ́ o. Ṣé iyán lẹ jẹ ni àbí oorun? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi ta gìrì, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó lọ balẹ̀ sórí Ọ̀kẹ́rẹ́ onírù gbọọrọ, ẹni tó gbà pé kò sí ọgbọ́n lórí ẹlòmíràn àfi tòun.

Ní ayé àtijọ́, ìlú ẹranko méjì wà, Ìlú Òkè àti Ìlú Odò. Igi àgbálùmọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Bí igi yìí bá so, ó ń so wọ̀ǹtìwọnti, èso rẹ̀ a sì dùn débi pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ á fẹ́ gbé kóró rẹ̀ mì. Ọdọọdún ni wọ́n ń jà sí i. Nígbà tí ìjà sú wọn, wọ́n ní kí àwọn máa fi ayò parí ẹ̀. Ìlú tó bá borí nídìí ọpọ́n ló ni gbogbo èso ọdún náà.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni Alákàn, ọ̀ta ayò Ìlú Odò, fi lu Ìlú Òkè bí ẹni lu bàrà. Bí wọ́n bá sì pàdánù tán, oníkálukú á ní, "Èmi kọ́ o! Mo ní kí wọ́n má ta ilé yẹn!" Ọ̀bọ tó ń bá wọn na ọwọ́ sí ọpọ́n nìkan ni ẹ̀bi ń já lé lórí.

Ní ọdún kẹrin, Ẹfọ̀n, àgbà ìlú, fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ gbì.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wa la ó jọ ta á. Bó bá ti kàn wá, a ó bọ́ sẹ́yìn òkìtì ọ̀gán, a ó gbìmọ̀ ilé tí a ó ta. Bí a bá fẹnu kò, èmi á lé orin, ẹ̀yin á gbè é. Bó bá ku ẹnu kan tí kò gbè, Ọ̀bọ ò gbọdọ̀ na ọwọ́. Màá wo ẹni tí yóò sọ lọ́la pé òun kò sí níbẹ̀!"

Ó tún ní ẹni tí ìmọ̀ràn rẹ̀ bá jẹ ayò ìkẹyìn, òun àti ìdílé rẹ̀ ni yóò ni ẹ̀ka òkè téńté, níbi tí oòrùn ti ń pọ́n èso.

Há à! Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, itọ́ ya lẹ́nu rẹ̀ ṣòòrò. Láti ọjọ́ náà kò sùn dáadáa mọ́. Bó bá dijú, ẹ̀ka òkè téńté ló ń rí.

Ọjọ́ pé. Wọ́n gbé ọpọ́n kalẹ̀ nítòsí igi náà, níbi tí òjìji rẹ̀ kò tíì dé. Ẹ sì mọ̀ pé èébú ni iyọ̀ ayò. Alákàn na ojú rẹ̀ méjèèjì síta, ó ní, "Ẹ̀yin òpè! Ẹ pọ̀ bí eṣú, ẹ ò mọ ayò ta!" Àwọn ará Òkè náà ní, "Ìwọ tí o kò lè rìn tààrà, ṣé ìwọ ni yóò kọ́ wa lọ́nà?" Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti kàn wọ́n, wọ́n á rọ́ lọ sẹ́yìn ọ̀gán, wọ́n á gbìmọ̀, Ẹfọ̀n á wá lé orin. Ẹ gbè é o, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Ládépò, ìwọ náà, gbé ẹ̀pà yẹn sílẹ̀.

Ilé wo la ó ta o?
*Ilé kan ṣoṣo.*
Ọwọ́ wo ni yó ta á o?
*Ọwọ́ kan ṣoṣo.*
Ẹnu mélòó ló gbà á o?
*Gbogbo ẹnu ni, gbogbo ẹnu!*

Ọ̀bọ á na ọwọ́, kó-kó-kó, wọ́n á jẹ. Alákàn kò bú èèyàn mọ́. Ó ti ń làágùn.

Nígbà tó yá, ó ku ọmọ ayò márùn-ún péré kí Ìlú Òkè jẹ, kí wọ́n borí. Alákàn ní, "Ẹ gbọ́, mi ò lè jókòó síbí di ọ̀la. Bí òjìji igi yìí bá fi kan ọpọ́n tí ẹ ò tíì ta, mo ti borí." Wọ́n ní àwọn gbà. Ó bá rọra ha-ha-ha lọ sétí odò, ó lọ fi omi tu ara.

Lẹ́yìn ọ̀gán, Ìgbín rọra yọ ọrùn jáde. Ìgbín kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá ka nǹkan, ó ti kà á tán.

"Ilé kẹrin ni," ó ní. "Ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Bí a bá ta á, yóò parí sí ilé kejì Alákàn. A ó jẹ mẹ́ta níbẹ̀, a ó jẹ méjì nílé tó ṣáájú ẹ̀. Márùn-ún pé."

Ariwo ayọ̀ sọ. Inú gbogbo wọn dùn, àfi Ọ̀kẹ́rẹ́. Ìgbín kẹ̀? Ìgbín tí àgbálùmọ̀ á ti rà tán kó tó gun ìdí igi dé àárín, òun ni yóò ni ẹ̀ka òkè? Ó bẹ́ sáàárín wọn, kẹ́-kẹ́-kẹ́.

"Irọ́! Ilé kejì ni ká ta!"

Ìgbín ní, "Ọmọ méje ló wà nílé kejì, àbúrò mi. Yóò ré kọjá, yóò bọ́ sílé kẹta Alákàn tó ti kún. A ò ní jẹ nǹkan kan."

"Mẹ́fà ni!"

"Méje ni."

"Ojú yín ti di bàìbàì! Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n lọ kà á wá."

Ó sáré dé ìdí ọpọ́n. Ó kà á, méje. Ó tún un kà, méje. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn igi ọpọ́n, ó fi ẹnu ṣa ọmọ ayò kan, ó fi ahọ́n tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò jalè, ọwọ́ òun kò kúkú kan ọpọ́n.

Ó padà dé, ó gbé ìka mẹ́fà sókè, ó ń mi ìrù. Gbogbo wọn lọ wò ó. Mẹ́fà ni lóòótọ́!

Ìgbín na ojú gùn, ó fà á sẹ́yìn. "Àgbà ti dé sí mi. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, yóò parí síbi tí tèmi ì bá parí sí. Márùn-ún náà ni. Ẹ jẹ́ ká ta ti Ọ̀kẹ́rẹ́, ká relé."

Inú Ọ̀kẹ́rẹ́ dùn débi pé ó jó. Ẹfọ̀n bá lé orin:

Ilé wo la ó ta o?
*Ilé kan ṣoṣo.*
Ọwọ́ wo ni yó ta á o?
*Ọwọ́ kan ṣoṣo.*
Ẹnu mélòó ló gbà á o?
*Gbogbo ẹnu ni, gbogbo ẹnu!*

Ọ̀bọ ti na ọwọ́. Ẹfọ̀n ní, "Dúró! Ẹnu kan kù."

Wọ́n wo ara wọn. Ojú gbogbo wọn já lu Ọ̀kẹ́rẹ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni eyín ń dùn.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ìmọ̀ràn tìẹ la gbà yìí o. Gbè é!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ mi orí sókè sódò.

"Orí kì í gberin. Ṣé o ti yí ọkàn padà ni?"

Ó mi orí sọ́tùn-ún sósì.

"O ṣì fara mọ́ ọn?"

"Mmm! Mmm!"

"Ṣé 'mmm' lorin wa?"

Òjìji ń bọ̀, díẹ̀díẹ̀, lórí ilẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ wo òjìji, ó wo igi. Bí òun bá la ẹnu, òun gbé. Bí òun kò bá là á, igi lọ. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó ní kí òun kúkú gbé e mì. Ọmọ ayò ṣe é gbé mì bí? Ó há a lọ́fun, kọ́! Ojú rẹ̀ yọ síta. Ẹfọ̀n rò pé àìsàn ló ṣe é, ó gbá a lẹ́yìn, gbàà! Ọmọ ayò fò jáde, fíìì, ó ba èèpo ẹ̀yìn Alákàn tó ń bọ̀ láti odò, kó! Ó bọ́ sáàárín ọpọ́n.

Gbogbo wọn sáré wá sídìí ọpọ́n.

"Ẹ̀yin ará ibí," Alákàn ní, "ṣé ẹnu ni ọmọ ayò ti ń wá báyìí?"

Ìgbín rọra ní, "Keje rèé o."

Alákàn jókòó, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó ka ilé kejì, ó rí i pé ó dín ọmọ kan. "Òfin ayò ni pé ilé tí ẹ bá ti fọwọ́ kàn, òun lẹ máa ta. Ẹ dá ọmọ yẹn padà, kí ẹ ta ilé kejì."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti rí ohùn báyìí. Ó kígbe, "Mi ò fọwọ́ kàn án! Ẹnu ni mo fi mú un!"

"O ṣeun tí o jẹ́wọ́," ni Alákàn wí. "Gbogbo yín lẹ ní ẹ jọ ń ta á. Ẹnu ẹnì kan yín, ẹnu gbogbo yín ni."

Ẹfọ̀n dá ọmọ náà padà sílé kejì. Ọ̀bọ kó ọmọ méje, ó tú wọn ká, kó, kó, kó, kó, kó, kó... Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbàdúrà kí wọ́n tán níbẹ̀. Kó! Ìkeje bọ́ sínú ilé tó ti kún. Wọn kò jẹ ẹyọ kan. Kò pẹ́ tí Alákàn fi jẹ gbogbo èyí tó kù.

Nígbà tó dìde, ó ní, "Ilé kẹrin ni mo ń bẹ̀ kí ẹ má rí. Bí ẹ bá ta á, mo kú."

Ìyàwó àtọmọ ìlú méjèèjì ti gbọ́ pé ayò tán, wọ́n ya dé. Àwọn ọmọ Odò bẹ̀rẹ̀ sí gun igi. Àbíkẹ́yìn Ọ̀kẹ́rẹ́ fa ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó nàka sí ẹ̀ka òkè téńté.

"Bàbá, ṣé a ò ní jẹ níbẹ̀ ni?"

Omijé bọ́ lójú Ọ̀kẹ́rẹ́. "À bá jẹ lára igi yìí, ọmọ mi, gbogbo ìlú wa ì bá jẹ. Èmi ni mi ò fẹ́ kó jẹ́ Ìgbín ló rí ọ̀nà."

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé, mo ti gbé e kalẹ̀ gbì. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ẹ̀kọ tí mo fẹ́ jẹ yìí má gba ọ̀fun mi. Ẹ wò ó, ó ti lọ, gbín!

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ibi ìgbìmọ̀ kì í ṣe ibi tí à ń wá orúkọ. Bí ọ̀nà tó dára bá ti hàn, ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́, ẹni yòówù kó fi hàn wá. Ẹni tó bá ní dandan ni kí tòun lékè, òun àti àwọn tó fọkàn tán an ni yóò jọ pàdánù.