Ọjọ́ tí Ẹtu Kò Lè Sáré

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ mi já fìrìgbagbo, ó já lu Ọ̀bọ lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bà á.

Ọ̀dá dá, odò kan ṣoṣo ló kù nínú igbó. Àwọn Ìkookò dúró tì í. Wọ́n ní kí àwọn ẹranko kéékèèké ju ọsàn lẹ́ẹ̀mẹta. Bí wọn kò bá lè hán an, kí wọ́n sì gbé e kọjá ìlà tí àwọn Ìkookò fà sílẹ̀, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, odò ti bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Tí wọ́n bá ń ṣeré, Ọ̀bọ ló máa ń jù, Ẹtu ló máa ń hán an. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, pàkúté ṣẹ́ Ẹtu lẹ́sẹ̀. Ehoro ló bọ́ sípò rẹ̀.

Ọ̀bọ ju ọsàn, ọsàn náà fò kọjá lórí Ehoro. Ó ju ìkejì, ó tún kọjá. Àwọn Ìkookò ń pọ́n ẹnu lá. Àyà Ọ̀bọ já, ó bú sórin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹtu ò sí, ta ni yóò hán an?
Jáńjálá!
Omi ń lọ, ta ni yóò hán an?
Jáńjálá!

Ehoro ké pẹ̀lú omijé pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí Ẹtu máa ń fò dé lẹ ń jù ú sí! Èmi kúrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí!"

Ọ̀bọ wò ó. Ó rọra ju ìkẹta sí i láyà. Ehoro dì í mú, ó yí gbirigbiri kọjá ìlà.

Àwọn Ìkookò kùn, wọ́n sì lọ. Àwọn ẹranko mu omi, wọ́n bu tirẹ̀ lọ fún Ẹtu.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó kù la ń bá ṣiṣẹ́. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ahọ́n mi so kọ́.